Ibi Tí Ìyá Àgbà Mi Ń Pè Ní Abà

Lọ́rì onípákó yẹn ń jù wá sókè sódò, abọ́ tánganran tí ìyá àgbà mi fẹ́ lọ tà ń dún wọnran-wọnran nínú igbá. A ti kọjá Tafo, létí Kumasi tí à ń gbé. Kòkó ló kù lọ́tùn-ún lósì, òórùn kíkan rẹ̀ gba gbogbo ojú ọ̀nà.

Mo pariwo pé, "Ìyá, a ti dé akuraa!"

"Akuraa wo? Èdè Twi yìí ò ní pa ọ́! Ṣé gbogbo ẹ̀yìn ìlú ló ń jẹ́ akuraa ni? Èyí tó lọ́jà, tó ní baálẹ̀, ìletò nìyẹn. Èyí tó kéré sí i, abúlé. Abà la dé yìí: èèyàn kàn kọ́ ọ ti oko rẹ̀ ni, ilé rẹ̀ wà níbòmíì."

"Kumasi ńkọ́?"

"Abà náà ni. Apá Ọ̀yọ́ nilé wa."

Ẹ gbà mí! Kumasi tó ní rélùwéè, tó ní ọjà téèyàn lè sọnù sí! Inú máa ń bí mi gan-an.

Nígbà tó di ọdún kan, lásìkò ọyẹ́, àbúrò ìyá àgbà mi ọkùnrin dé láti ilé, ó ní àwọn ti fi páànù bo yàrá kan dè é. Ìyá àgbà mi ló ń tọ́ mi látìgbà tí ìyá mi ti kú, bàbá mi ò sì ní jẹ́ kí n bá a lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá àgbà mi jókòó nídìí ààrò, ó ń yan ẹja. Mo di etí ìró rẹ̀ mú.

Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dẹrù. Ta ní ń darúgbó sí abà? Ẹni tó bá kú lábà gan-an, ṣé ilé kọ́ la ń gbé e lọ sin?"

Ìyá àgbà mi yí ẹja padà. Ó wá ní:

"Òótọ́ lo sọ. Ibí ni mo sin ọmọ mi sí. Ṣé abà lèèyàn ń sin ọmọ ẹ̀ sí?"

Àbúrò rẹ̀ nìkan ló padà lọ sílé, mo sì sunkún ayọ̀ títí ojú mi fi wú.

Mo ti jìnnà sí Kumasi báyìí. Àwọn èèyàn máa ń bi mí níbo nilé mi, wọ́n fẹ́ kí n dárúkọ ìlú bàbá ńlá mi. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì kórìíra rẹ̀. Àmọ́ Kumasi ni mo máa ń wí. Àwọn méjèèjì ló sùn síbẹ̀, ìyá mi àti ìyá tó kọ̀ láti fi í sílẹ̀.