Gíláàsì Ojú Ọ̀run Tí Mo Gbé Lọ sí Èkó

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán nígbà tí mo gbé páálí gíláàsì mi kúrò ní Òwu. Ìyá mi, aláró, sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Mufu, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Ojú ò ní tì ọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ." Mo ṣàmín, mo gba ọ̀nà Ṣàpọ́n lọ wọ ọkọ̀ pìjó. Náírà méjì ni wọ́n gbà dé Èkó.

Ní Ewékorò, tírélà ń da eruku sìmẹ́ǹtì bò wá, mo bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi fi bo páálí. Ẹ̀rín pa awakọ̀, bàbá àgbà kan.

"Tíṣà, ṣé ẹyin ló wà níbẹ̀ ni?"

"Gíláàsì ni, bàbá. Nílẹ̀ òyìnbó, wọ́n fi bàlúùnù ńlá gbé e lọ sókè réré. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, horo iná mànàmáná tí ojú ò lè rí, ń ti ọ̀run bọ̀ kọlù ú, ipa wọn sì wà lára oje tí wọ́n fi kùn ún."

"Níbo ni wọ́n ti ń bọ̀?"

"Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Èyí tó lágbára gan-an kì í rìn jìnnà kó tó rẹ̀ ẹ́. Bí àkàrà bá jóni lọ́wọ́, ẹ ò ní wá ẹni tó dín in lọ sí Ìbàdàn."

"Àdúgbò náà ló wà!"

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù nítòsí wa ni mo fura sí."

Ní yunifásítì, ọ̀gá mi tó ń darí ìwádìí mi fi gíláàsì kìíní sábẹ́ maikirosíkóòpù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó wò ó títí, ó mú òmíràn. "Mufutau, kò sí nǹkan kan níbí o." Mo gbé ọ̀kan sójú fèrèsé: ó mọ́ gaara, oje ara rẹ̀ ti ṣí kúrò. Ipa ìka aró wà lára ìwé tí mo fi wé wọn. Ìyá mi ti fọ̀ wọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

"Àkọsílẹ̀ rẹ wà lọ́wọ́ mi," ni ọ̀gá mi wí, "ṣùgbọ́n bí àwọn olùdánwò ò bá fojú ara wọn rí ipa náà, oyè ò sí. Ṣé ó ku ọ̀kankan?"

"Ó ku mẹ́fà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, sà."

"Lọ kó wọn wá kíá."

Mo wọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ní Ìfọ̀, àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ ra búrẹ́dì. Èmi ò sọ̀kalẹ̀. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìyá mi má tíì gbálẹ̀ yàrá mi.

Mo bá a níwájú ilé, níbi ọpọ́n omi ọṣẹ. Gíláàsì mẹ́fà wà lórí ẹní, wọ́n ń dán nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Mo rí i pé o gbàgbé ìwọ̀nyí. Ìdọ̀tí ara wọn le ju ti àná lọ, kànìnkànìn ni mo fi bó o. Ọ̀gá rẹ ò ní sọ pé o ò ní ìyá."

"Ẹ ṣeun, Màámi," ni mo wí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá orírun àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn. Ìrìn àjò ọjọ́ kan ló kọ́ mi pé n kò fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ fún ìyá tó bí mi ohun tí mò ń wá.