Ẹsẹ̀ Síẹ́nà Lára Kámírì

Bí ẹ bá béèrè Sùlè ní Ṣógúnlé, ẹni tí ẹ bá bi yóò kọ́kọ́ sọ pé èèyàn dáadáa ni. Kò purọ́. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìsẹ́yìn wá yá yàrá sílé wa ló ti ń fi ọkọ̀ Kámírì rẹ̀ gbé èrò pápákọ̀ òfurufú, bí aboyún bá sì ń rọbí, ilẹ̀kùn rẹ̀ la máa ń kàn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ohun tó ṣe dùn mí.

Bàbá Fawziyyah lọ̀rẹ́ rẹ̀, ilé kan náà la jọ ń gbé. Nígbà tí Bàbá Fawziyyah kú, Sùlè wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀. Àlàájì Zakariyah, ẹ̀gbọ́n olóògbé, kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Síẹ́nà àbúrò rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá ẹbí ṣọ́ ọ títí ìyàwó olóògbé yóò fi jáde opó. Sùlè gbé ọkọ̀ náà sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi tapólì bò ó. Nimotallahi, tí a ń pè ní Ìyá Fawziyyah, wọ yàrá lọ fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí.

Kò pẹ́ tí táyà Kámírì fi jẹ tán, rímù rẹ̀ kan sì sán. Sùlè wo Síẹ́nà tó dúró lásán. Táyà rẹ̀ ṣì le, ihò ara rímù rẹ̀ sì bá ti Kámírì mu gẹ́lẹ́. Ó ní yíyá ni òun kàn fẹ́ yá a, òun á dá a padà kí opó tó tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo wa ti lọ síbi iṣẹ́, ó fi jáàkì gbé Síẹ́nà, ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé e ka búlọ́ọ̀kù, ó sì fa tapólì balẹ̀ kí búlọ́ọ̀kù má bàa hàn. Lójú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i.

Ẹsẹ̀ náà wọlé o, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ààyè rẹ̀ lọ. Bí Sùlè bá ti yí kọ́nà, táyà á máa ha irin ara ọkọ̀, á máa ké. A bi í pé kí ló ń ké, ó ní ọ̀nà ni kò dáa. Látìgbà náà lojú ti ń tì í. Etí títì ló wá ń gbé ọkọ̀ sí, á fẹsẹ̀ rìn wọlé. Gbogbo Jímọ̀ ló ń ra búrẹ́dì fún opó, á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí i. Ìyá Fawziyyah, tó máa ń fi orúkọ ọmọ Sùlè pè é, á ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Ìsíátù. Ọlọ́run á san án fún yín." Sùlè kì í lè ṣe àmín.

Ọjọ́ tí opó parí, ó sáré lọ sí Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó ra rímù àti táyà mìíràn fún Kámírì, kó lè pààrọ̀ wọn kí ẹbí olóògbé tó dé wá gba Síẹ́nà. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Nígbà tí Kámírì máa fi ké wọ àdúgbò, tapólì ti wà nílẹ̀, Àlàájì sì dúró ti Síẹ́nà tí kò lẹ́sẹ̀.

"Sùlè, ta ló yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ àbúrò mi?"

Ilẹ̀ ni Sùlè ń wò. Kó tó lanu, Ìyá Fawziyyah sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mo ní kí Bàbá Ìsíátù yọ ọ́, Àlàájì. Tiwọn ti bàjẹ́, mo ní kí wọ́n máa lò ó, kí oòrùn má bàa ba táyà jẹ́."

Ni Àlàájì bá di Sùlè lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́ pé ó dúró ti ìyàwó àbúrò òun. Ó gbàdúrà fún un, gbogbo wa ṣe àmín. 

Nígbà tí àwọn àlejò wọlé lọ jẹun, Sùlè dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Fawziyyah, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún púpọ̀ dàgbà jù ú lọ. Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ni mo ti ń gbọ́ wọn.

"Ta ló sọ fún yín?"

Ìyá Fawziyyah nawọ́ sí fèrèsé yàrá rẹ̀, tó kọjú sí Síẹ́nà gan-an.

"Opó ni mò ń ṣe, Bàbá Ìsíátù, mi ò fọ́jú. Gbogbo Jímọ̀ tí ẹ bá wá kí mi, mo máa ń rò pé òní lẹ máa sọ ọ́."

Sùlè ò dìde. Ibẹ̀ ni Àlàájì jáde bá a, tó ní, "Dìde jàre, Sùlè, ọpẹ́ yẹn ti tó."