Ohun Tó Lójú Kò Gbọdọ̀ Wọ Ìkòkò

Tí mo bá ti gbọ́ òórùn àlùbọ́sà tó ń rọ̀ nínú epo gbígbóná pẹ̀lú efinrin, ọkàn mi á kúrò lára mi, á gba ọ̀nà Iléṣà lọ. N kò ní í mọ̀ pé mo ṣì wà nínú ilé ìdáná mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó, lẹ́bàá Òṣogbo, tí àwọn ọlọ́kadà ń pariwo lójúde. Ilé ìyá mi ni màá bá ara mi, ní àárọ̀ Sátidé kan tí ìkùukùu ọyẹ́ ṣì bo orí òkè, tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí onílé. Ìyá mi á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á máa tòògbé, á sì máa ṣa ẹ̀wà. Títí di òní, n kò mọ bí èèyàn ṣe lè máa tòògbé kó máa ṣa ẹ̀wà láìjẹ́ kí òkúta kan ṣoṣo bọ́ sínú abọ́.

Ọdún kan àbọ̀ ni ìyá mi kò fi jẹ ẹran. Kì í ṣe dókítà ló ní kó má jẹ ẹ́, kì í sì í ṣe pé kò rí i rà. Ẹ̀jẹ́ ló jẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló fa ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá mi ti ń ta aṣọ. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó kó ìsọ̀ lé àbúrò mi lọ́wọ́. Ìyẹn jókòó tì í fún ọdún méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ti ìsọ̀ pa, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyá mi, ó ní òun ń lọ wa góòlù ní Itagunmodi.

Ìyá mi ní, "Bí o bá lọ wọ kòtò yẹn, o ò gbọdọ̀ wọ ulé mi mọ́."

Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi ń sọ, ulé ló ń pe ilé. Èmi tí mo ti pẹ́ ní Òṣogbo, ohùn mi ti rọ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ti ń fi ohùn ìlú rẹ̀ bínú, kí onítọ̀hún yáa wábi gbà. Àbúrò mi náà kò sì fi ìwà jọ ẹlòmíràn, orí kunkun ìyá rẹ̀ ló gbé wáyé. Ó lọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀nà. Àmọ́ kí òun kọ́kọ́ pe ọmọ? Láéláé. Dípò bẹ́ẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé ohunkóhun tó lójú kò ní í kan òun lẹ́nu títí ẹsẹ̀ ọmọ òun á fi tún tẹ ẹnu ọ̀nà òun, kí Ọlọ́run ṣáà má jẹ́ kí ilẹ̀ ya lù ú nínú kòtò. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, ó sì kìlọ̀ fún mi pé àbúrò mi kò gbọdọ̀ gbọ́. Kò tiẹ̀ nílò ìkìlọ̀. Èmi náà ń bínú sí i, n kì í pè é.

Ẹran lọ, ẹja lọ, edé lọ. Ẹyin náà lọ, nítorí ìyá mi ní ohun tó máa lójú lọ́la ni. Mo ní, "Màámi, ẹ̀wà náà ńkọ́? Ẹ̀wà lójú o." Ó gbójú sókè látinú abọ́ tó ń ṣa, ó ní, "Ojú ẹ̀wà kì í sunkún."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kò wá mọ́. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jẹ iyán pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ kò lè máa jẹ ẹ̀fọ́ lásán kó má sú u. Eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń rù. Ìró tó ń yí i po lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ wá ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ní Sátidé tí mo bá lọ kí i, abọ́ tó ń dá padà láìjẹ tán ni mo máa ń wò. Abọ́ yẹn ń dẹ́rù bà mí ju kòtò góòlù lọ. Mo ń rò ó lọ́kàn pé kí ọmọkùnrin yìí tó dé, òkú ìyá rẹ̀ ni yóò bá nílẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀ náà nìyẹn. N kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní Sátidé kan, ẹ̀wà àti ìdajì ọ̀rá makaroní nìkan ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo se ẹ̀wà náà títí ó fi rọ̀ pátápátá, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ìdajì rẹ̀ fọ́, mo jẹ́ kó lómi, mo wá da makaroní sí i. Ìyá mi fi ṣíbí rò ó. "Ṣé ọbẹ̀ nìyí ni, àbí oúnjẹ?" Mo ní méjèèjì ni. Ó ní irọ́ ni mo ń pa, ṣùgbọ́n ó jẹ ìdajì abọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọbẹ̀ ẹ̀wà àti makaroní di oúnjẹ Sátidé wa.

Ọjọ́ tí nǹkan yí padà, ata gígún ìyá mi ti tán. Mo rántí pé mo gbé ìgò ata tèmi dání nínú báàgì láti Òṣogbo, nítorí ó ti ṣàròyé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ata òun kò ta mọ́. Mo bu ṣíbí méjì sí ìkòkò. Ilé kún fún òórùn tí n kò lè ṣàlàyé, tí ó mú mi rántí ìgbà tí gbogbo wa ṣì wà nílé, tí àbúrò mi ń bá mi jà lórí dùǹdú nídìí àdògán. Ìyá mi jí lójú oorun rẹ̀. Ó jẹ abọ́ kan. Ó na abọ́ náà sí mi, ó ní kí n tún bu sí i. Mo dúró, mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì, inú mi ń dùn bíi ti abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú.

Ìgbà tí mo fẹ́ dé ìgò ata ni mo rí i. Àwọn nǹkan dúdú wínníwínní wà láàárín ata náà. Ojú edé ni. Ní ilé tèmi, a kì í gún ata láìgún edé mọ́ ọn. Bí ìyá ọkọ mi ṣe ń gún un nìyẹn, bí èmi náà sì ṣe ń gún un láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ nìyẹn. Mo ti gbàgbé pé edé wà níbẹ̀, ata ni mo ń pè é. Àwọn ojú kéékèèké yẹn ń wò mí láti inú ìgò.

Ó yẹ kí n sọ. N kò sọ. Mo wo ìyá mi tó ti sùn lọ lórí àga, tí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀ lábẹ́ ìró, mo sì ti ìgò náà bọ báàgì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Irú tọjọ́sí ni kí o sè." Mo bu ata inú ìgò náà sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò lè sọ pé mo gbàgbé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ṣe é fún Sátidé mẹ́ta gbáko. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ó ń kọrin tó bá ń gbálẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí mo ń wọ̀ padà sí Òṣogbo, màá gbé orí ti fèrèsé, àwọn igi kòkó á máa sá lọ sẹ́yìn, ojú mi á máa ṣe wìrìwìrì bí ẹni tó wà lójú àlá, n kò sì ní í mọ̀ bóyá ayọ̀ ló ń ṣe mí tàbí ìtìjú. Màá sọ fún ara mi pé Ọlọ́run tó rí ọkàn mi kò ní í ka edé sí mi lọ́rùn.

Ní Sátidé karùn-ún tí edé ti ń wọ ìkòkò, mo gbé abọ́ ọbẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sórí itan, ó di ojú, ó sì ń gbàdúrà. Ìyá mi kì í gbàdúrà oúnjẹ jẹ́jẹ́, ó máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí ògiri ni.

"Bàbá, o rí mi," ló wí. "Ọmọ mi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. N kò lọ́wọ́ tí mo lè fi dì í mú. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo fi ń ṣọ́ ọ ni ẹnu mi yìí. O rí i pé n kò tíì yẹ̀."

Ó mú ṣíbí. N kò mọ ìgbà tí mo já abọ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ dà sí mi lọ́wọ́, ó jó mi, n kò sì bìkítà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ má jẹ ẹ́. Edé wà nínú rẹ̀. Edé wà nínú ata mi."

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. "Tòní nìkan?"

"Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé, Màámi. Àkọ́kọ́ nìkan ni n kò mọ̀."

Mo ń retí ìbínú. Ká ní ó gbá mi létí, ì bá tù mí lára. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kò fi sí nǹkankan tó ń ṣọ́ ọ." Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbé fóònù rẹ wá. Pè é."

Mo tẹ nọ́ńbà tí n kò tẹ̀ láti ọdún kan àbọ̀. Ó dún, ó dún, ó dún. N kò gbàdúrà rí bí mo ṣe gbàdúrà láàárín ìró fóònù yẹn. A gbọ́ ohùn àbúrò mi, a gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá mi gba fóònù. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́, tàbí kó ṣépè, tàbí kó bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ebi ń pa mí. Máa bọ̀ ní ulé." Ó sì dá fóònù padà fún mi.

Ó wo ìkòkò. "Gbé ìyẹn kúrò. Se òmíràn."

Ẹ̀wà tí mo ti bọ̀ ṣì kù nínú ìkòkò kejì, n kò tíì fi nǹkankan sí i. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọ ṣíbí. Mo ju ìgò ata sínú báàgì, mo so ẹnu báàgì náà pa. Mo já ata tútù lẹ́yìnkùlé, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tòmátì lórí ọlọ. Mo rẹ́ àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sínú epo, mo fi irú sí i. Ìyá mi sún mọ́ ìdí ìkòkò, ó ń ka gbogbo ohun tí mo ń mú bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò. "Urú," ló wí. "Iyọ̀. Efinrin. Ó dáa." Mo da ata sí i, mo jẹ́ kó dín, mo da ẹ̀wà lé e pẹ̀lú omi rẹ̀. Nígbà tó hó, mo da makaroní sí i. Èéfín ọbẹ̀ bo ojú fèrèsé, ìta di funfun, àwa méjèèjì jókòó sínú rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé ayé dúró.

Kò tó wákàtí kan tí a gbọ́ ìró ọ̀kadà. Kò tó wákàtí kan! Ọdún kan àbọ̀ ni ìyá mi fi ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà láìtó wákàtí kan.

Àbúrò mi dúró síta. Ẹrẹ̀ pupa wà lára ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ kún. Ó dọ̀bálẹ̀ níta níbẹ̀, ó dìde, kò sì wọlé. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ lọ́jọ́ tó fi ń lọ ṣì dènà fún un.

Ìyá mi ní, "Ṣé ìta lo máa ti jẹun ni?"

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìyá mi kò wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló ń wò, títí ó fi bọ́ sínú ilé.

Mo bu oúnjẹ fún un, n kò lè wo ojú òun náà. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bí ẹni tí kò rí oúnjẹ ilé látọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó jẹun dé àárín, ó fi ṣíbí wá ìsàlẹ̀ abọ́, ó tún wá a, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Màámi, ẹran inú ọbẹ̀ yìí dà?"

Ìyá mi mú ṣíbí tirẹ̀, ó tì í bọ inú abọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni à ń dúró dè."