Ìwé Olè Tí Mo Kà ní Ìlọrà

Ìwé nìkan ni mo rò pé mo bá Àǹtí Lín gbé dání lọ sí Ìlọrà lọ́jọ́ náà. N ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa ní kí n kà á.

Iṣẹ́ títẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Fìdítì. Kíláàsì kẹta girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ojú sì máa ń tì mí. Kọ̀ǹpútà kì í wo èèyàn lójú, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀.

Àǹtí Lín ló ni ìwé náà. Ará Ṣáínà ni bàbá wọn, ó bá àwọn tó ń ṣe títì wá. Ọmọ Ìlọrà ni ìyá wọn, ó sì ti kú tipẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ìwé, tí èmi ń tẹ̀ ẹ́, tí mò ń fi àmì ohùn sí i. Bí mo bá ṣì í fi, wọ́n á rẹ́rìn-ín: "O ti sọ ọkọ obìnrin yìí di ọkọ́ o." Ìwé náà dùn débi pé mo máa ń gbàgbé oúnjẹ.

Ìtàn olè ni. Abọ́ tíì bàbá àgbà kan ní Ṣáínà ni àwọn sójà jí gbé lọ nígbà ogun, tó wá wà nínú gíláàsì ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan lókè òkun. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, kó ọ̀rẹ́ jọ láti lọ jí i.

Orúkọ ilé ìyá Àǹtí wà nínú ìwé yẹn. Àǹtí ní a máa lọ kà á fún àwọn ará ilé náà ní Ìlọrà; bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, àwọn á yọ orúkọ náà, àwọn ò sì ní í débẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a débẹ̀, Bàbá Àlàájì, ẹ̀gbọ́n ìyá Àǹtí, bi wọ́n pé, "Ta ni yóò kà á?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Rárá. Ẹni tó se ọbẹ̀ kì í sọ pé iyọ̀ pọ̀ jù. Ọmọ tó tẹ̀lé ọ yìí ni kó kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyá àgbà kan ní, "Ṣé ẹ̀fọn ló ń kàwé ni?" Mo gbé ohùn sókè. Nígbà tí ọmọ inú ìtàn náà ṣí gíláàsì, ìyá àgbà ní, "Olè ni."

"Ta ló kọ́kọ́ jí i?" ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ó kà."

Mo kà á dé ibi tí ọmọ náà gbé abọ́ dé Ṣáínà, tí àwọn ẹbí wo àwọ̀ ara rẹ̀, tí wọ́n bi í pé ọmọ ta ni. Ibẹ̀ ló parí sí.

"Kí ló fi dá wọn lóhùn?"

"N ò tíì mọ̀ ọ́n, Bàbá," ni Àǹtí sọ.

Bàbá wò wọ́n. "Kí ni oríkì rẹ?"

"N ò ní. Ìyá mi ti kú kí n tó gbọ́njú."

"Kò sí ọmọ obìnrin ilé yìí tí kò ní oríkì. Kúnlẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni ọ́. Fi orúkọ ilé wa sílẹ̀ nínú ìwé náà."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, ìyá àgbà ń gbè é. Orí ìkúnlẹ̀ ni Àǹtí wà títí oríkì náà fi parí.

Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí mú ewé ìwé kan ṣoṣo wá fún mi. Níbẹ̀, ọmọ inú ìtàn náà gbé abọ́ lé tábìlì, ó ní: "Ọmọ yín ni mí, ọmọ Ìlọrà sì ni mí. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi." Mo fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àmì kan ò yẹ̀.