Ọdún tí Mo Rù

Ọdún tí mo rù ni mo fẹ́ràn ara mi jù. Láti kékeré ni mo ti sanra. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àgbá ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, mo sì ti kọ́ láti máa bá wọn rẹ́rìn-ín kó má baà hàn pé ó ń dùn mí. Mo dàgbà, mo di tíṣà, mo lọ́kọ, mo bímọ méjì, ọ̀rọ̀ ara mi kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìyá ọkọ mi gan-an, tó ń gbé ní Ifọ̀, kì í kí mi tán kó má wo ikùn mi. Á ní, "Ìyàwó mi, máa rọra jẹun." Èmi náà á kúnlẹ̀, màá ní, "Mo gbọ́, mà." Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, mo ti gbà pé obìnrin náà kò fẹ́ràn mi.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mi ò yí oúnjẹ padà, mi ò sáré, ààwẹ̀ tí gbogbo ìjọ ń gbà náà ni èmi ń gbà. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo ń wọ̀ lọ sí iṣẹ́, láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e padà lọ sọ́dọ̀ aránṣọ pé kó bá mi dín in. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mowe, àwọn obìnrin á fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan pé kí n sọ àṣírí rẹ̀ fún àwọn. Mo ní omi ewúro ni mò ń mu láràárọ̀. Irọ́ ni. Mi ò mu ewúro kankan.

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ike omi ńlá tí mò ń gbé lọ sí kíláàsì ní Ibafo á ti tán kí aago ìsinmi tó lù. Mo sì ń jáde lọ tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé tíṣà kíláàsì kejì, ìyá àgbà kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìntì, ló ń bá mi wo àwọn ọmọ mi. Mo ní ooru ni. Nígbà tí ohun tí èèyàn ti ń tọrọ láti kékeré bá wọlé tọ̀ ọ́ wá, ta ni yóò bi í pé, "Níbo lo gbà wá?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, mo kọ ìṣirò sójú pátákó, mo yíjú sí àwọn ọmọ, mo sì tún yíjú padà sí pátákó. Mi ò rí ohun tí mo kọ kà mọ́. Funfun kan ṣáá ni mò ń rí. Mo di tábìlì mú. Ọmọ kan sá lọ pe tíṣà kíláàsì kejì, obìnrin náà kò sì bi mí ní nǹkan kan, ó fà mí sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ náà kan páálí tínrín tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan. Mò ń retí nọ́ńbà. Lẹ́tà méjì ló jáde: HI. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó ń kí mi."

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kì í ṣe kíkí, mà. Ṣúgà yín ti ga kọjá ibi tí ẹ̀rọ yìí lè kà dé."

Wọ́n dá mi dúró. Lọ́jọ́ kejì ni dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, fa àga sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. "Àtọ̀gbẹ ni, mà. Ẹ rí i pé ẹ ń rù, àbí? Oúnjẹ tí ẹ ń jẹ kò wúlò fún ara yín mọ́. Ìtọ̀ ló ń bá jáde. Ebi wá ń pa ara yín, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀."

Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún. Ọkọ mi rò pé àìsàn ni mò ń sunkún sí, ó ń sọ pé Ọlọ́run yóò wò mí sàn. Mi ò lè sọ fún un pé ara tuntun yẹn ni mò ń sunkún sí, pé kì í ṣe tèmi, pé àìsàn ló wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn bí aṣọ àyálò.

Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró, wọ́n sì kọ́ mi bí mo ṣe máa gún ara mi ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì níkùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìwé kan wà tí mo gbọ́dọ̀ máa kọ nọ́ńbà ṣúgà mi sí. Òùngbẹ lọ, ojú mi là, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ti ń bá ìtọ̀ jáde tẹ́lẹ̀ dúró sára báyìí, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, síkẹ́ẹ̀tì náà kò kọjá itan mi mọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, obìnrin kan tó ti ń gbàdúrà fún mi dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Jésù. Ara yín ti bọ̀ sípò."

Mo ṣe àmín. Nígbà tí mo délé, mi ò gún abẹ́rẹ́ alẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ́kọ́ ń fo ti alẹ́ nìkan, lẹ́yìn náà ni mo ń fo ti àárọ̀ láwọn ọjọ́ kan. Nǹkan oṣù méjì lẹ́yìn náà, síkẹ́ẹ̀tì tún ń gbà mí. Nínú ìwé dókítà, mo ń kọ nọ́ńbà tó dára sí i, mo tilẹ̀ ń lo bíírò oríṣi méjì kó má baà jọ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Èmi yìí ni mo máa ń ní kí ọmọ tó bá jí iṣẹ́ ẹlòmíì wò dìde dúró lójú gbogbo kíláàsì.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ọlidé, ọkọ mi ní kí n lọ lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ Màmá, ìyá rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò bá a palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo lọ sí Ifọ̀. Mo fi ínsúlínì sílẹ̀ nínú fíríìjì ní Mowe. Mo sọ fún ara mi pé iná kì í dúró ní Ifọ̀, pé oògùn yóò bàjẹ́. Èmi náà mọ̀ pé ìdí tí mo fi fi í sílẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Mo bì, mo bì, títí tí kò fi sí nǹkan kan nínú mi mọ́. Mò ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ni mo dùbúlẹ̀ sí. Màmá gbé omi wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó gbóòórùn ẹnu mi bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbóòórùn ọbẹ̀ tó fẹ́ kan. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, nígbà tó sì jáde, agolo bisikíìtì kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kékeré àti òwú.

"Na ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀gbẹ́ ìka ló gún, kò gún ojú rẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ kì í dunni tó ojú. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ló ń mọ ìyẹn. Mo wo ojú rẹ̀. "Màmá, ta ló ni ẹ̀rọ yìí?"

Ó wo ẹ̀rọ náà, ó dé agolo. "Dìde ká lọ."

Láti inú kẹ̀kẹ́ títí dé ilé ìwòsàn, kò sọ ju "Rọra" lọ. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fún mi ní ínsúlínì, wọ́n sì sọ fún un pé bó bá di ọjọ́ kejì ká tó wá, ọ̀rọ̀ ìbá ti di nǹkan mìíràn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ti lè jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ń fi ẹnu Ẹ̀gbá rẹ̀ sọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára.

"Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu àtọ̀gbẹ."

"Ṣé ọmọ yín mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ ṣe. Ó sanra bíi tìẹ. Wẹ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn á wá kí i, wẹ́n á máa wo ibi tí ẹsẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, wẹ́n á lọ. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí tèmi dé, mo ní ẹnikẹ́ni ò ní í wá wò mí." Ó fa aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀. "Ọjọ́ tí ọmọ mi mú ọ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Bó o ṣe ń rìn, bó o ṣe ń mí bó o bá gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ bí wẹ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀."

"Ṣé nítorí ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ pé kí n máa rọra jẹun?"

"Kí ni ì bá tún jẹ́?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi bínú sí obìnrin yìí. Mo jókòó síbẹ̀, okùn omi wà lọ́wọ́ mi, ojú ń tì mí. Mo wá sọ tèmi náà. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo fi oògùn sílẹ̀. Mi ò fẹ́ tún sanra."

Mo rò pé yóò bá mi wí. Ó kàn bi mí pé, "O ti sọ fún dókítà?"

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ bá mi wọkọ̀ láti Ifọ̀ wá sí Ibafo. Mo gbé ìwé nọ́ńbà fún dókítà náà, mo ní irọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó pa á dé, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù?" Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un nípa orúkọ àgbá tí wọ́n ń pè mí. Mo sì bi í léèrè nípa abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan-lọ́sẹ̀ tí obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Arepo ń rà lórí fóònù, tó sì ti rù.

Ó ní, "Oògùn gidi wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mà, ó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà lórí fóònù, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n gbé e wá ní tútù. Pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ní Ifọ̀, kò lè rọ́pò ínsúlínì fún yín báyìí. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà yín kọ́kọ́ dúró. Tó bá dúró, a ó dín abẹ́rẹ́ kù, a ó sì tún jọ sọ ọ́."

Màmá dá sí i. "Ẹ sọ fún un kó má fi ebi pa ara rẹ̀."

Ó sọ fún mi. Ó fi ìkúùkù rẹ̀ hàn mí bí ẹ̀bà mi ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ó ní kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú ilé-ẹ̀kọ́, mo ń fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Bisikíìtì wà nínú báàgì mi fún ọjọ́ tí ṣúgà bá já wálẹ̀, tí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo ṣe é dáadáa, àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí ìrẹsì ìkómọ ṣẹ́gun mi. Ọdún kan ó lé díẹ̀ ti kọjá. Abẹ́rẹ́ ti di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Mo fúyẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò rù bíi ti ọdún yẹn, mi ò sì rò pé mo máa rù bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí nígbà míì bí mo bá rí fọ́tò ìgbà náà.

Èmi àti Màmá la jọ sọ fún ọkọ mi, ní ọ̀sán Sunday kan ní Ifọ̀. Ó gbọ́ tèmi tán, ó mi orí. Nígbà tó gbọ́ ti ìyá rẹ̀, ó ní, "Ọdún mọ́kànlá, Màmá?" Ó jáde sí àgbàlá, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Nígbà tó wọlé padà, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Màmá gún un ní ẹ̀gbẹ́ ìka. Nọ́ńbà rẹ̀ kò burú.

Òun ló fi ọkọ̀ gbé èmi àti ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ojú lóṣù tó kọjá, nítorí pé Màmá ní kùrukùru ń bo ojú òsì òun. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ti ń ba ẹ̀yìn ojú náà jẹ́, pé ìtọ́jú wà, pé ì bá dára ká ní ó ti tètè wá. Ọkọ mi fi ọkọ̀ gbé wa padà sí Ifọ̀. Màmá bọ́ gèlè rẹ̀, ó jókòó, ó wo àwa méjèèjì. Ó ní òun kò tíì fọ́jú, kí ẹnì kan lọ bu ẹ̀wà wá, kó má fi dòdò sí i.