Kúbùsù Orí Ìkòkò Ọtí

Lásìkò tí kẹrosíìnì ayédèrú gba ìgboro, tí sítóòfù ń bú gbàù mọ́ àwọn ènìyàn lójú, ọtí pípọn ni èmi gbé lé orí. Yàrá kan àti kíṣìnnì la ní ní Kétu nígbà náà. Ìyàwó mi wà nínú oyún àkọ́kọ́, ẹ̀rù iná sì ń bà á débi pé tí mo bá ti ṣáná, á fi ọwọ́ bo ikùn rẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ yẹn gbọ́n jù mí lọ.

Ọkà bàbà ni mo fi ń pọn ọtí ọ̀hún. Ọjà Mile 12 ni mo ti ń rà á, nídìí àwọn ọkọ̀ tó ń já àlùbọ́sà. Màá rẹ ẹ́, màá tẹ́ ẹ sórí àpò títí yóò fi hù, màá sá a gbẹ, màá lọ̀ ọ́. Ìyàwó mi fi kọ́tìnì àtijọ́ rán àpò kan fún mi, inú rẹ̀ la ń kó ọkà lílọ̀ sí, tí a ó wá rì í sínú omi gbígbóná kí adùn rẹ̀ lè jáde. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ó rọrùn. Irọ́ ni! Bí omi bá gbóná jù, agbára ọkà náà kú. Bó bá tutù jù, omi ògì lásán lo máa bá níbẹ̀. Tòmómítà tí mo fi ń wọn gbígbóná omi gbọ́dọ̀ dúró sórí márùndínláàdọ́rin fún wákàtí kan gbáko, bẹ́ẹ̀ kì í dúró. Mo ń tan sítóòfù, mo ń pa á, mo tún ń tàn án. Ìsàlẹ̀ àpò jó, òkè tutù. Ọtí tó jáde níbẹ̀, omi ìfọwọ́ sàn jù ú lọ.

Obìnrin kan tó ń ta ata ní Mile 12 ni aládùúgbò wa, ògiri kan ló wà láàárín kíṣìnnì wa. Aunty ni a ń pè é. Òun àti ìyàwó mi ló jọ máa ń ra kẹrosíìnì, wọn á pín kẹ́ẹ̀gì kan sí méjì.

"Bàbá Ìkókó," Aunty á pariwo látorí ògiri, "ṣé ọtí lẹ ń sè àbí oúnjẹ ẹṣin? Òórùn ẹ̀ ti wọ inú pillow mi o!"

Ní Sátidé kan, mo dá ọgbọ́n tuntun. Mo lọ ọkà náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè kúná dáadáa. Mo dojú àwo kan délẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò kí àpò má baà jó, mo ń da ọkà sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń rò ó kó má ṣe kókó. Lẹ́yìn náà ni mo pa iná, mo gbé ìkòkò sílẹ̀, mo sì fi kúbùsù ńlá tí a rà de ọmọ wé e láti ìdí dórí.

"Kúbùsù ọmọ mi lẹ fi ń bo ìkòkò ọtí?" ni ìyàwó mi wí. "Ọlọ́run á bi yín o!"

Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé kẹrosíìnì tí òun àti Aunty ṣẹ̀ṣẹ̀ pín láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rọ ọ́ kún sítóòfù, nítorí tí wákàtí bá pé, a ó yọ àpò, a ó sì se omi rẹ̀ hó. Ìyàwó mi yínmú.

"Òórùn kẹrosíìnì yìí ò yé mi. Ẹ jẹ́ ká da díẹ̀ sílẹ̀, ká ṣáná sí i wò."

Bí gbogbo Kétu ṣe ń dán an wò nìyẹn: kẹrosíìnì gidi kì í tètè ràn, èyí tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù á fò sókè. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ooru ọkà ti kún imú mi, òórùn ọkà nìkan ni mo gbọ́.

"Oyún ló ń gbóòórùn yẹn, kì í ṣe ìwọ," ni mo wí. "Tí wákàtí bá pé, bá mi tàn án."

Mo jókòó ti ìkòkò. Nígbà tí mo ká etí kúbùsù sókè, tòmómítà kò tíì yẹ̀. Mo tọ́ omi náà wò, ó dùn bí ìrèké. Orí mi wú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Gbàù!

Kíṣìnnì Aunty ni. Igbe rẹ̀ la ògiri kọjá: "Bàbá Ìkókó, ẹ gbà mí!" Mo fa kúbùsù kúrò lórí ìkòkò, ooru ti mú un rin gbingbin, mo sáré. Iná wà lára ìró rẹ̀ àti ní apá rẹ̀ méjèèjì. Mo wé e bí mo ṣe wé ìkòkò, mo dì í mú títí iná fi kú. Àwọn ará ilé ń da iyẹ̀pẹ̀ sí sítóòfù. Wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù, ó sì yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè di àpò ata mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe gbé e jáde ni mo rántí sítóòfù wa. Mo sáré padà sí kíṣìnnì wa.

Ìyàwó mi dúró síwájú sítóòfù náà, kò mira. Páálí ìṣáná wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, igi kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Wákàtí yín ti pé," ló wí.

Mo wo ilẹ̀. Igi ìṣáná kan ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti ṣá a. Orí igi náà ti fọ́, kò ràn.