Ọjọ́ tí Bàbá Mi Wọn Ẹsẹ̀ Mi

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bélì bàtà ọ̀kíríká, ẹrù ńlá tí wọ́n dì pinpin, òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa: rọ́bà, káńfọ̀, awọ tó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, àti òógùn ẹsẹ̀ àwọn òyìnbó tí a kò mọ̀ rí. Òórùn yẹn ni mo fi mọ bàbá mi. Láti ìgbà tó ti fi Ìgbòho sílẹ̀ ní ọ̀dọ́mọkùnrin ló ti ń ta yougou-yougou, bí àwọn ará Abidjan ṣe ń pe ọ̀kíríká, ní ọjà ńlá Treichville. Kò sí ohun ìwọ̀n kankan ní ìsọ̀ rẹ̀. Oníbàárà á dúró níwájú rẹ̀, á wo ẹsẹ̀ onítọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, á pe nọ́ńbà, á sì na ọwọ́ sínú òkìtì bàtà. “Quarante-deux,” nọ́ńbà méjìlélógójì, á wí, ẹsẹ̀ á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn obìnrin Jùlá tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a máa mú àlejò wá wò ó bí ẹni ń wo idán. N kò rí i kí ó ṣì í rí, àyàfi lórí ẹnì kan.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn ọdún 2000 díẹ̀, nígbà tí ilé-ìwé kan ní àgbègbè olókè ní ilẹ̀ Faransé pe mẹ́fà nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé wa lálejò fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ó kọ́ sikí, ìyẹn ni pé kí ènìyàn de pátákó gígùn méjì mọ́ bàtà, kí ó sì máa yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín. Èmi tí n kò rí yìnyín rí ju ti inú fìríìjì lọ! Olùkọ́ wa pín fọ́ọ̀mù fún wa. Ó ní kí a má kọ nọ́ńbà bàtà wa o, gígùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, ní sẹ̀ǹtímítà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a wọ̀n ọ́n, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀. Kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kí a fi gbogbo ara dúró lé e, kí a wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí a sì mú èyí tó bá gùn jù. Bàtà sikí le bíi korobá, ó wí, kì í fẹ̀ síni lẹ́sẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá há, inú ilé ni yóò jókòó sí títí a ó fi padà. Bàbá tàbí ìyá sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé náà.

Ẹ̀rù bà mí, kì í sì í ṣe nítorí yìnyín. Bàtà trente-huit, nọ́ńbà méjìdínlógójì, ni bàbá mi ń fún mi láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Kí ó tó ta ohunkóhun nínú bélì ni á ti yọ èyí tó dára jù sọ́tọ̀ fún mi, á kùn ún títí á fi máa dán, á wo ẹsẹ̀ mi, á sì ní, “Trente-huit, kò lè yẹ̀.” Èmi á kúnlẹ̀, mà á dúpẹ́. Láti ọdún kejì ló ti ń há mi. Láti ibi tí gbaka, ọkọ̀ akérò, ti ń já wa sílẹ̀ ní Abobo, àdúgbò wa, dé ilé wa, ńṣe ni mo máa ń ka ìṣísẹ̀, èékánná àtàǹpàkò mi sì ti dúdú. O lè ní kí ló dé tí n kò sọ. Ọ̀rẹ́ mi, ta ni yóò sọ fún ẹni tí gbogbo ọjà ń yin ojú rẹ̀ pé ojú náà ṣì í lórí ọmọ tó bí? Wàyí o, bí mo bá kọ òótọ́ sínú fọ́ọ̀mù, mo dójú ti bàbá mi nìyẹn. Bí mo bá sì kọ irọ́, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ jókòó ti fèrèsé ni.

Mo yan irọ́. Mo lọ bá a ní ìsọ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì, mo ní kí ó kàn bá mi buwọ́ lù ú, pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógún ni, gígùn trente-huit, mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ. Mo kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un. “Iṣẹ́ tèmi náà nìyí,” ó wí. “Bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe é ni a ó ṣe é.” Ó yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ òdìkejì, ó tẹ́ páálí sí ìdí ògiri, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi.

N kò tíì rí i kí ó kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, yàtọ̀ sí Ọlọ́run. Mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n fúnra mi.”

“Dúró jẹ́ẹ́.”

Ọwọ́ méjèèjì ló fi fa bàtà náà kí ó tó bọ́. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi. Ó wo èékánná dúdú náà, ó wo ọmọ ìka kékeré tó ti gun èkejì rẹ̀ lórí. Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síwájú àtàǹpàkò mi, ó na téèpù, ó tún un nà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ ni, bàtà quarante, nọ́ńbà ogójì gan-an.

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́, Bàbá.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ẹ̀yin lẹ fún mi.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí páálí, ẹsẹ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan dé, ó ní kí baba wo ẹsẹ̀ òun, “Vieux, regarde mon pied,” ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbójú sókè. “Àgbà kì í wà lọ́jà,” ó wí fún ara rẹ̀, kò sì parí òwe náà. Omi ti kún ojú rẹ̀. Èmi náà ń sunkún, ojú ń tì mí bí ẹni tó jalè. Nígbà tó yá, ó kọ iye náà fúnra rẹ̀, gàdàgbà, ó sì buwọ́ lù ú.

Mo lọ. Mo ṣubú lórí yìnyín títí ara mi fi bó, ṣùgbọ́n bàtà náà bá ẹsẹ̀ mi mu. Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi kò béèrè òtútù, kò béèrè ilé òyìnbó.

“Ṣé bàtà náà há ọ?”

“Kò há mi, Bàbá.”

Ó wò mí títí. “Òótọ́ ni, àbí o ń bọ̀wọ̀ fún mi ni?”

Títí dòní ni mo ń ro ìbéèrè yẹn. Mo ti rò pé mò ń bu iyì fún un ni pẹ̀lú ẹnu tí mo pa mọ́, àṣé ńṣe ni mo sọ ọ́ di àlejò sí mi. Ó mọ ẹsẹ̀ gbogbo Treichville, kò mọ èyí tó ń rìn nínú ilé rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ló ṣì ń rí nígbà tó bá wò mí, ẹnu tèmi nìkan ni ì bá sì sọ fún un pé mo ti dàgbà. Mo dáhùn pé òótọ́ ni. Ó tún bi mí. Ìgbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni ó tó gbà mí gbọ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi.